Ọfà Kejìlá

Ogójì ọdún ni Màmá Hilda fi ṣe ibi ayẹyẹ lọ́ṣọ̀ọ́ ní Sùúrùlérè. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi imọ̀ ọ̀pẹ àti bébà aláràbarà ṣe é ló ti ń bá a bọ̀, títí dé ìgbà rìbọ́ọ̀nù, títí dé ìgbà bàlúùnù, èyí tó fi ẹnu fẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń pe òjò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. “Atẹ́gùn tó ti ẹnu mi jáde,” yóò ní, “ó tó gbé bàálù dé Mẹ́kà. Ìdí yìí nìkan ni kò jẹ́ kí èmi náà fò.” Yóò wá gbá ìdí ọ̀hún gbàà, ìdí tó jẹ́ pé àga méjì ló ń pín in gbé, yóò sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ayọ̀miídé, sọ pé òun fẹ́ ṣègbéyàwó, kò sí ẹni tó béèrè ẹni tí yóò ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ni Màmá jókòó sí lọ́jọ́ náà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ.

“Màmá, èèyàn márùndínlógójì péré la fẹ́ pè.”

“Márùndínlógójì? Abdulmuiz tó o fẹ́ fẹ́ yìí, ṣé ó jí ẹ gbé ni?”

“Màmá!”

“Mo kàn béèrè ni. Àwọn tó wá wò mí lọ́jọ́ tí mo bí bàbá rẹ ju márùndínlógójì lọ, ìhòòhò ni mo sì wà.”

Ayọ̀miídé rẹ́rìn-ín, ó lọ jókòó ti àtẹ ẹ̀wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ya bí ibi ìgbéyàwó yóò ṣe rí sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò yìí náà ni wọn yóò ti ṣe é. Ìrìn àjò ni gbogbo ọ̀ṣọ́ yóò dá lé. Wọn yóò to àwọn àpótí aláwọ àtijọ́ léra, kí kéèkì jókòó sórí wọn. Máàpù ni wọn yóò tẹ́ sórí tábìlì dípò aṣọ funfun. Lẹ́nu géètì, òpó kan yóò dúró tí a kan àwọn pátákó tó rí bí ọfà mọ́ lára, orúkọ ìlú kan lára ọfà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé àlejò dé oríta tó lè gbà dé gbogbo ayé. Okùn yóò ti ara máńgòrò lọ dé ara ògiri, àwọn káàdì yóò sì máa fì lára rẹ̀.

“Káàdì wo?” ni Màmá bi í. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí ẹ̀wà.

Ayọ̀miídé ti wọlé lọ gbé agolo bisikíìtì rẹ̀ jáde. Káàdì aláwòrán mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀: Róòmù, Pàrísì, Màdírídì, àwọn ìlú tí ilé wọn ga tí òdòdó sì ń bẹ lójú fèrèsé wọn. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀ tí ọwọ́ kan kọ wọ́gọwọ̀gọ. Ayọ̀ mi, máa jẹun dáadáa. Ayọ̀ mi, má bá màmá àgbà jà nítorí irun dídì. Èyí tó gbẹ̀yìn ló mú jáde, ó kà á sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n sórí.

“‘Ayọ̀ mi, iṣẹ́ pọ̀ níbí. Má retí káàdì mọ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ni wàá rí mi.’ Màmá, ẹ ó bá mi gbé àga kan síwájú, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí i. Bí Dádì bá wọlé, kí wọ́n rí i pé a ti ń retí wọn.”

Màmá wá ẹ̀fẹ̀ tí yóò fi dáhùn. Ẹ̀fẹ̀ kankan ò wá. Ó ní, “Ẹ̀wà yìí mà ní kòkòrò o,” ó sì tẹ orí ba.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n: Benjamin, bàbá ọmọ yìí, ti kú. Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ọwọ́ Màmá Hilda, ìyá tó bí i, ló sì kọ káàdì mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Ayọ̀miídé nígbà tí Benjamin wọ ọkọ̀ ní Ìdó, ọkọ̀ tó ń lọ sí Kánò. Láti ibẹ̀ ló fẹ́ ti la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí òkè òkun. Fúnlọ́lá, ìyá ọmọ náà, ti ní ọkọ mìíràn n’Íbàdàn nígbà náà, nítorí náà ọ̀dọ̀ Màmá ni ọmọ ń gbé. Àwọn méjèèjì ló sin Benjamin dé gáréèjì. Bí ọkọ̀ ṣe mì báyìí, ọmọ figbe ta, ó rọ̀ mọ́ etí ìró Màmá, ó fà á, ìró bá tú. Níbẹ̀, lójú gbogbo gáréèjì Ìdó, Màmá Hilda dúró gbagidi pẹ̀lú tòbí pupa. Àwọn agbèrò hó yèè. Ọ̀kan ní, “Màmá, ẹ̀yin náà ẹ kúkú wọkọ̀, ẹ ti múra tán!” Benjamin yọrí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nàka sí ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì gbé e lọ. Bí Màmá ṣe rí i kẹ́yìn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sọ ìtàn ìró tó tú yìí láti pa àwọn ará àdúgbò lẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nígbà tó bá ń sọ ọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Teslim padà dé. Òun àti Benjamin ni wọ́n jọ lọ. Ó ti gbẹ bí ẹja tó pẹ́ lórí ààrò. Ó jókòó sí etí àga, ó ní omi tán nínú ọkọ̀ àwọn ní ìrìn ọjọ́ méjì kọjá Àgádẹ́sì, ìlú tó wà lẹ́nu aṣálẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun lòun fi wa yanrìn bo Benjamin, nítorí kò sí ṣọ́bìrì. Ó gbé bẹ́líìtì Benjamin sórí tábìlì. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ sí bẹ́líìtì náà ni ọmọ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, báàgì lẹ́yìn, ẹsẹ̀ eléruku. Ó wo Teslim lókè nílẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Ṣé Dádì mi ní kí ẹ kí mi?”

Kí Teslim tó lanu, Màmá ti dáhùn: “Wọ́n ní kó kí ẹ gan-an ni.”

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá lọ sí Sábó, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀, ó bá ìdì káàdì aláwòrán tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí. Ó rà á pátá, ó kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, láàárín káńfọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ọ́, kí ọmọ má baà mọ ọwọ́ náà. Bó bá kọ ọ̀kan tán, yóò ní ẹnì kan tó ti òkè òkun dé ló bá wọn mú un wá. Ta ni yóò jiyàn? Bí gbogbo Èkó ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn nìyẹn. Ó rò pé òun ó dáwọ́ dúró bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́wàá. Ọmọ pé mẹ́wàá, ó ṣì ń sáré lọ sẹ́nu géètì. Nígbà tó pé méjìdínlógún, tí fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, tó ń béèrè ìdí tí Dádì kò fi lè pè, Màmá wá gbólóhùn kan tí yóò ti ilẹ̀kùn náà pa fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó. Lójú rẹ̀ nígbà náà, ọjọ́ ọ̀hún jìnnà bí ọ̀run. Ó rò pé òun yóò ti kú kí ó tó dé, kí wọ́n máa bá òkú bínú.

Kò kú. Ó ń sanra sí i ni.

Kò sì sunkún Benjamin rí. Ìyá kì í dé ibi sàréè ọmọ, ká má tilẹ̀ sọ pé sàréè ò sí. Bó bá sì sunkún nínú ilé, ọmọ yóò béèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbéyàwó, Màmá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Mushin, sí ṣọ́ọ̀bù Teslim. Káfíńtà ni Teslim báyìí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hewú.

“Màmá Benjamin, ẹ káàbọ̀ o.” Òun nìkan ló kù láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Teslim ọmọ mi, òpó kan ni mo fẹ́, pẹ̀lú ọfà mọ́kànlá.” Ó na ìwé tó kọ orúkọ àwọn ìlú sí sí i.

Teslim kà á, ètè rẹ̀ ń mì. “Róòmù. Pàrísì. Màdírídì. Màmá, ṣé kì í ṣe ibi tá a fẹ́ dé nìyí?”

“Ibẹ̀ náà ni.”

Màmá wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ẹ̀yìnkùlé, àwọn àpótí, okùn káàdì. Ó sọ ti àga. Teslim jókòó sórí pákó tó ń rẹ́ lọ́wọ́.

“Ẹ ò tíì sọ fún un?”

“Ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó.”

“Ẹ̀yìn ìgbéyàwó! Kí ọmọ jókòó síwájú àga òfìfo, kó máa wo géètì látàárọ̀ dọ́sàn-án? Àdúrà wo ni wọ́n fẹ́ gbà fún un? Ti ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà láyé ọ̀tọ̀, ti ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti lọ ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀.”

“Teslim, kan òpó fún mi, jọ̀ọ́.”

“Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń bá yín gbé irọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ní kí n fi ìṣó kàn án mọ́gi rí.”

“Ẹnu rẹ yìí ti mú ju ayùn rẹ lọ,” ni Màmá wí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ó jókòó síbẹ̀. Teslim kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò.

“Màá gbé e wá láàárọ̀ Sátidé.”

Láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀yìnkùlé Màmá Hilda dára débi pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n mọ́. Ibi tí wọ́n ń sá tòbí sí lánàá ni kéèkì wà lórí àpótí mẹ́ta. Òdòdó funfun wà nínú ife tánńganran lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ orúkọ àlejò sára páálí kéékèèké, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹrù arìnrìn-àjò, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn àga. Àwọn káàdì ni Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so. Ó fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ mú wọn mọ́ okùn, kí àwòrán kọjú sí èèyàn, kí iṣẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Bàbá Adéníran, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ dé. Òun ni olórí ẹbí, òun ni yóò gba àdúrà fún ìyàwó.

“Ìyàwó wa, Benjamin ńkọ́? Ṣé yóò dé ni, àbí fóònù ni yóò pè? Ẹ tètè sọ fún mi o. Mi ò lè dúró sípò ẹni tó wà láàyè kí n máa súre fún ọmọ rẹ̀. Èpè ni.”

“Ẹ sinmi ná, bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi fún yín.”

Ó ń gbé omi náà bọ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn Ayọ̀miídé lẹ́nu géètì. Teslim ti ri òpó mọ́lẹ̀. Ìyàwó ti jáde pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì lórí àti bàtà balùwẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń ka àwọn ọfà náà bí ọmọdé.

“Mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá. Bọ̀dá Teslim, méjìlá lẹ kàn. Mọ́kànlá ni káàdì mi.”

Ọfà mọ́kànlá kọjú sí apá òkun. Ìkejìlá nìkan ló yí ẹ̀yìn sí wọn, ó kọjú sí Àríwá, ọ̀dà rẹ̀ kò sì tíì gbẹ tán.

“Àgádẹ́sì,” ni ọmọ náà kà. “Ta ló wà ní Àgádẹ́sì?”

Màmá ni Teslim wò. Ó ṣí fìlà kúrò lórí. “Ọwọ́ mi ló kọ̀ láti fò ó, Màmá Benjamin. Ẹ má bínú.”

Ayọ̀miídé wo orí tó ṣí sílẹ̀ yẹn, ó wo ìyá àgbà rẹ̀. Màmá gbé ife omi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òpó.

“Màmá?”

“Wá,” ni Màmá wí. “Wá sínú yàrá.”

Orí àpótí aṣọ rẹ̀ ló jókòó sí.

“Ayọ̀, bàbá rẹ ò ní wá.”

“Wọn ò rí ìwé gbà?”

“Bàbá rẹ ò dé òkè òkun rí.”

Ó wá sọ ọ́, láti orí omi tó tán dé orí yanrìn tí Teslim fi ọwọ́ wà. Kò fi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i. Nígbà tó tán, ó dìde, ó ṣí àpótí, ó na ọwọ́ dé ìsàlẹ̀, ó fa bẹ́líìtì náà jáde. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó dúró, ihò imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé.

“Òórùn yìí,” ló wí.

“Káńfọ̀ ni.”

“Mo mọ̀ pé káńfọ̀ ni, Màmá. Bí káàdì bá dé nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fi bo imú sùn. Mo rò pé bí òkè òkun ṣe ń rùn nìyẹn. Nígbà tí mo dé yunifásítì, ọmọbìnrin kan ṣí àpótí rẹ̀ nínú yàrá wa, mo ní, ‘Háà, òórùn òkè òkun!’ Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi jáde.” Ó gba bẹ́líìtì náà, ó ń yí i po mọ́ ọwọ́. “Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀, mo sì ní kí n má mọ̀.”

“Mo ṣe é kí o lè máa jẹun ni. Bí mi ò bá ti dárúkọ rẹ̀, o kì í jẹun.”

“Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́, Màmá, pé ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Bàbá ẹni ńkọ́?” Ohùn rẹ̀ já. “Ẹ jẹ́ kí bàbá mi nù fún ọdún mọ́kànlélógún. Gbogbo ẹni tó bá kan géètì yẹn ni mo máa ń rò pé òun ni. Ẹni tó ń ka iná! Ẹni tó ń ta búrẹ́dì!”

Màmá na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà sún sẹ́yìn.

“Mi ò tíì dárí jì yín o,” ni Ayọ̀miídé wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Mo fẹ́ wọṣọ.”

Nígbà tí oòrùn dé orí igi máńgòrò, àlejò ti pé. Ayọ̀miídé àti Abdulmuiz kúnlẹ̀ lórí ẹní, síwájú àga tí ẹnì kan ò jókòó sí. Bẹ́líìtì àtijọ́ kan wà lórí àga náà. Àwọn àlejò rò pé ara ọ̀ṣọ́ ni.

Bàbá Adéníran dìde, ó wúkọ́. “Kí n tó la ẹnu mi, Benjamin dà?”

Màmá wà lẹ́yìn, nítòsí ìkòkò ọbẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ṣáájú rẹ̀.

“Bàbá, Dádì mi ti sùn. Inú aṣálẹ̀ ni wọ́n sùn sí. Òní ni mo gbọ́. Ẹ gba àdúrà mi bí ti ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti lọ.”

Fúnlọ́lá, ìyá rẹ̀ tó ti Ìbàdàn wá, ká ọwọ́ lérí. Abdulmuiz, tí kò mọ ohun tí yóò ṣe, di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Bàbá Adéníran wo Màmá, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì dà bíi pé yóò jágbe. Kò jágbe. Ó ní, “Ta ló sin ín?”

“Èmi ni, sà,” ni Teslim dáhùn.

“Wá. Ìwọ nìkan ló débẹ̀. Bá a sọ̀rọ̀.”

Teslim wá síwájú, ó wolẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀. “Benjamin, ọmọ rẹ nìyí. Ó ti dàgbà. Ó jọ ẹ́. Ilẹ̀ tí mo fi bò ẹ́ kò ní bo ayọ̀ rẹ̀. Má bínú pé mi ò rí ṣọ́bìrì.”

“Àṣẹ,” ni wọ́n dáhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, wúyẹ́wúyẹ́.

Àwọn obìnrin ti yí Màmá ká. “Ẹ mú un wọlé,” ni ọ̀kan ń wí. “Ìyá kì í wà níbi tí wọ́n ti ń dárò ọmọ rẹ̀.” Wọ́n ti dì í lápá, ó sì ń bá wọn lọ, bí ẹni tó ti mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni àyè òun.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.” Ayọ̀miídé ni. Kò bojú wẹ̀yìn. “Ẹni tó kọ káàdì ló ní òun yóò wá síbi ìgbéyàwó mi. Àga wọn nìyí. Kí wọ́n wá jókòó.”

Màmá Hilda rìn kọjá lábẹ́ okùn káàdì, Róòmù kàn án lórí, Pàrísì kàn án lórí. Ó gbé bẹ́líìtì, ó jókòó. Àga kan ṣoṣo yẹn ké lábẹ́ rẹ̀, ariwo gidi, irú èyí tó jẹ́ pé lọ́jọ́ mìíràn yóò fi pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó wá ẹ̀rín náà. Ó wá a nínú, ó wá a lọ́fun. Ẹkún ló bá níbẹ̀, ẹkún ọdún mọ́kànlélógún, ó sì ti gbó, kò ní ohùn mọ́, ó kàn ń mi obìnrin ńlá yẹn láti orí dé ẹsẹ̀ ni, títí ìró ìdí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ kan mú etí ìró náà, ó fà á yí i po, ó ró o mọ́ ọn nídìí pinpin. Ọwọ́ ìyàwó ni. Nígbà tó ró o tán, kò jọ̀wọ́ etí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó dì í mú bí ọjọ́ Ìdó, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ìyá àgbà rẹ̀ lójú. Géètì ló ń wò.